Ẹ̀ṣọ́ Orí Afárá

Ọ̀rọ̀ mọ́kànlélógún ni mo kọ sẹ́nu ìyá arúgbó náà.
Oṣù méjì ni mo fi kọ wọ́n ní Tampere,
lókè ilé ìhunṣọ kan tó ti kógbá sílé,
mo ń kọ, mo ń pa á rẹ́, kọfí ń tutù.
Ìyá náà jókòó ní òdì kejì afárá,
ó tan fìtílà fún ọmọ tí omi gbé lọ.
Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò gbọ́ orúkọ ọmọ náà.
Ẹni tó bá dé o.

Jouko ló ni ẹ̀ṣọ́.
Òun ló gbé àáké olójú méjì lé e lọ́wọ́,
òun ló wọn àkókò tó wà láàárín ìṣá àti ìṣá,
ó dín in kù, ó tún dín in kù,
títí èémí ènìyàn ò fi ráyè wọ ibẹ̀ mọ́.
Mo ní, "Jouko, ta ni yóò wá gbọ́ ìtàn mi?"
Ó ń jẹ búrẹ́dì dúdú, ó rẹ́rìn-ín,
ó ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́,
fìtílà tí ẹsẹ̀ ò ro kí ojú tó rí i, iná lásán ni.
N ò rí èsì fún un.
Àìrí èsì yẹn gan-an ló bí mi nínú.

Bàbá mi ń bẹ ní Kemi, lókè lọ́hùn-ún,
níbi tí oòrùn oṣù Kejìlá ti ń yọjú
bí àlejò tó ṣi ilé yà, tó sì tètè padà.
Tauno. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi jó irin mọ́ irin
lára ọkọ̀ ojú omi, ọwọ́ rẹ̀ ò mì.
Ó ń gbọ̀n báyìí. Kọfí ń dà sínú àwo.
Ó fowó ara rẹ̀ ra géèmù náà,
ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí ọmọ òun ń ṣe jẹun.

Ó kú lórí afárá lẹ́ẹ̀mẹ́fà lálẹ́ ọjọ́ Ajé.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, n ò mọye.
Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, ó di ìgbà mẹ́tàlélọ́gọ́ta,
ó ń fi bírò sàmì sẹ́yìn kàlẹ́ńdà,
ó sì ti sọ ẹ̀ṣọ́ lórúkọ: Rautio,
orúkọ ọ̀gá tó gé owó oṣù rẹ̀ nígbà kan,
tí wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọ̀gá fi kú.
"Rautio tún bẹ́ mi lórí lónìí," ni yóò wí lórí fóònù,
ohùn rẹ̀ a máa dùn bí ti ọmọ tó jí oyin lá.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá a.
"Bàbá, ẹ tẹ ibí yìí, agbára ẹ̀ṣọ́ á wálẹ̀.
'Ìtàn Nìkan' ni wọ́n pè é. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."
Ó wo ojú mi, ó pẹ́.
"Ìwọ kọ tìrẹ tán. Èmi àti Rautio ṣì ń kọ tiwa."

Ní oṣù Kejì, ó ní òun ti kúrò lórí afárá.
Àyà mi fò. "Ẹ ti pa á?"
"Rárá o. Mo yí ẹṣin padà ni."
Ọ̀nà kan ò kúkú wọ ọjà.
Ó tọ odò lọ sókè, sí igbó
tí a kàn fi dí àyè, tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò kọ nǹkan kan sí.
Ó rí òkúta tó ṣe é jókòó lé, ó jókòó.
Yìnyín ń já bọ́ nínú géèmù, ó ń já bọ́ lójú fèrèsé,
kò tẹ bọ́tìnì kankan, ọwọ́ rẹ̀ sinmi lórí itan,
ó ní láti ibẹ̀, òun ń rí iná tíntín kan lódì kejì omi.

Mo sọ fún Jouko. Ó dẹ́kun jíjẹ.
Lọ́jọ́ kejì mo rí i pé ó ti dá èémí padà sáàárín ìṣá àti ìṣá.
Ẹyọ kan péré.

Mo pe bàbá. "Ṣé kí n kà á sí yín létí?
Ọ̀rọ̀ mọ́kànlélógún ni. Orúkọ ọmọ náà ń jẹ́—"
"Panu mọ́," ó ní. "N ò tíì débẹ̀."